Ọkọ Mi Kò Lé Mi, Àtẹ̀gùn Ni Mo Ń Gùn

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ohùn kan ti ń kiri lórí fóònù àwa obìnrin Yorùbá tó wà ní Calgary. Ohùn ìkìlọ̀ ni. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní bí a bá rí arábìnrin wa níta pẹ̀lú ẹrù nígbà òtútù, ká má wakọ̀ kọjá lára rẹ̀. Ó wá fi àpẹẹrẹ kún un: "Ẹ ò rántí ti èṣí ni? Ìyàwó tí ọkọ ẹ̀ lé jáde ní Falconridge, tí òun àtàwọn ọmọ méjì jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú snow tó mù wọ́n dé orúnkún, tí wọn ò ní gààrí lásán lọ́wọ́."

Èmi ni obìnrin náà. Ìkìlọ̀ yẹn dára, mi ò sì bá ẹni tó ṣe é jà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ gún régé. Ọkọ mi kò lé mi. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà lọ́dọ̀ mi, òun nìkan náà ni mo sì bí. Snow kò kọjá kókósẹ̀. Ní ti gààrí, a ní gààrí. Gààrí gan-an wà lára ohun tó kó wa sí wàhálà.

Bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, Sátidé ọjọ́ yẹn á ṣì wà lọ́kàn mi.

Ibi iṣẹ́ ọkọ mi ní Cochrane, ìlú kékeré kan nítòsí Calgary, níbi tó ti ń bójú tó kọ̀ǹpútà, ló fẹ́ rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ní ìlú kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, létí Òkun Mẹditaréníà. Ó ní kí èmi àti Mofẹ́, ọmọ wa, bá òun lọ, ká sì lo ìparí ọ̀sẹ̀ ní abúlé kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Abúlé náà ti wà láti ìgbà tí àwọn ọba òyìnbó ṣì ń gun ẹṣin jagun. Orí òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí kí àwọn ọ̀tá tó ń gba ojú òkun bọ̀ má baà ká wọn mọ́lé. Òkúta ni ilé, òkúta ni ọ̀nà, òkúta ni ògiri tó yí i ká.

Nígbà tí Mofẹ́ rí àwòrán rẹ̀, kò jẹ́ ká gbádùn mọ́. "Mummy, it's like Ìdànrè," ló ń wí káàkiri ilé. Ìdànrè ni wọ́n ti bí mi. Láti kékeré rẹ̀ ni mo ti ń sọ fún un bí àwọn baba ńlá wa ṣe tẹ̀dó sórí òkè, àti bí ìyá mi àgbà ṣe máa ń gun àtẹ̀gùn òkúta náà bí ẹni ń lọ láti yàrá sí pálọ̀. Ó ti bẹ̀ mí títí pé kí n mú òun lọ wò ó. Èsì mi kan náà ni pé tó bá dàgbà sí i.

Ohun tó fà á ni pé Mofẹ́ ní asthma. Nígbà tó wà ní daycare, èémí rẹ̀ há lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fi ọkọ̀ aláìsàn gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà ni etí mi ti wà láyà ọmọ náà. Dókítà ní ara rẹ̀ ti le báyìí, pé bí puffer tó ń fín sẹ́nu bá ti wà lápò, kó máa sáré, kó máa fò. Dókítà sọ tirẹ̀. Kì í ṣe dókítà ló lóyún rẹ̀.

"Mọ́tò kì í wọ inú abúlé yẹn o," ni ọkọ mi sọ fún mi bó ṣe ń jẹun. "Ìsàlẹ̀ la ó gbé e sí. A ó wá gbé ẹrù wa gun àtẹ̀gùn."

"Báwo ni àtẹ̀gùn náà ṣe pọ̀ tó?"

"Wọn ò kọ ìyẹn."

"Ilé ìwòsàn ńkọ́?"

"Kò lè ṣe kó má sí."

"Dádì Mofẹ́, ṣé ẹ mọ̀ ni, àbí ẹ rò?"

Ó bu omi mu. Ó ní òun gbọ́dọ̀ dá ibi iṣẹ́ lóhùn ní Monday, bóyá òun nìkan ni tàbí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mofẹ́ gbójú sókè. Ó kàn ń wò mí, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ti mọ èsì kí wọ́n tó fún un. Ojú yẹn ni mi ò lè gbà. Mo ní ká dán an wò. Àtẹ̀gùn gígùn kan wà létí odò ní àárín ìlú, èyí tí àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá máa ń sáré gùn. Bó bá gùn ún dókè pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, tí àyà rẹ̀ kò súfèé, a ó lọ. Bí mo bá gbọ́ súfèé kan péré, bàbá rẹ̀ á dá lọ.

Mofẹ́ na ọwọ́ sí mi bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. "Deal," ló wí.

Èmi kì í dán nǹkan wò ní ìdajì. Mo ní bí a bá fẹ́ mọ bí ìrìn àjò náà á ṣe rí, àfi ká di ẹrù rẹ̀ gan-an. Abúlé ni wọ́n sì pè é, abúlé ni mo di ẹrù fún. Mo kó gààrí, ẹja gbígbẹ àti ata gígún sínú àpótí ńlá. Mo kó tọ́ọ̀ṣì, àwọ̀n ẹ̀fọn, búláńkẹ́ẹ̀tì àti ike omi, mo sì fi ẹ̀rọ tí Mofẹ́ fi ń fa oògùn sí àyà lé wọn lórí.

"Mummy, there's a hotel. It has Wi-Fi."

"Wi-Fi kì í lé ẹ̀fọn."

Síìpù àpótí náà ti ń kọ iṣẹ́ láti Èkó, nítorí náà mo fi ìró àtijọ́ kan dì í yípo. Kóòtù mi tó dára wà nínú rẹ̀, torí mi ò fẹ́ kó dọ̀tí kó tó rí ilẹ̀ Faransé. Èyí tí mo fi ń kó snow lẹ́nu ọ̀nà ni mo wọ̀. Lálẹ́ Friday ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun mi, mo tú apá ọ̀tún tán, oorun gbé mi. Mo fi gèlè kékeré kan bò ó. Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́, wọ́n pè é fún nǹkan tó bàjẹ́. Ká ní ó wà nílé ni, bóyá ì bá wò mí lẹ́ẹ̀kan, kó sọ òótọ́ fún mi.

A wọ train dé àárín ìlú. Ọjọ́ náà kò tutù púpọ̀, mo ti wo ojú ọjọ́ dáadáa, snow kàn ń fọ́n díẹ̀díẹ̀. Mofẹ́ gbé báàgì ilé ìwé rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, èmi fa àpótí. Bí a bá ti gùn díẹ̀, màá dá a dúró, màá gbé àpótí kalẹ̀, màá sì gbé etí lé e lẹ́yìn láti gbọ́ àyà rẹ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan. A ó tún gùn. Nígbà tí a dé ìdajì, mo jókòó, mo ní kí Mofẹ́ jókòó síwájú mi, mo sún báàgì ẹ̀yìn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbé orí lé e, mo di ojú kí n lè gbọ́ dáadáa.

Ibẹ̀ ni òyìnbó obìnrin kan tó ń fa ajá bá wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá kò sí ewu, àti ibi tí a ń lọ. Mo dá a lóhùn ní òtítọ́ pé ilẹ̀ Faransé ni. Ó wo snow. Ó wo ìró tí mo fi di àpótí. Ó wo apá irun mi tó yọ jáde lábẹ́ gèlè. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi sọ́wọ́ Mofẹ́, ó sì lọ pẹ̀lú omijé lójú. Mo sọ fún Mofẹ́ pé àwọn ará ìlú yìí mà láàánú.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọ̀nà ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Ṣadé ń gbà kọjá lọ sílé rẹ̀ ní Copperfield. Ìjọ kan náà la wà, ó sì fẹ́ràn mi bí àbúrò tí wọ́n bí lé e. Ó rí mi níbi tí mo gbé orí lé ọmọ mi lẹ́yìn, tí àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sí àyè láti dúró, nítorí náà ó pe fóònù mi. Fóònù mi wà nínú àpò kóòtù mi tó dára, kóòtù náà sì wà nínú àpótí. Ó pè títí, mi ò gbé e. Ó wá pe ìyàwó pásítọ̀ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Pásítọ̀.

Àwa ti dìde, a ti ń gùn. Òkè kù díẹ̀ nígbà tí ìró náà tú. Àpótí bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bó ṣe ń fò ló ń pọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Gààrí dà sórí snow, funfun bọ́ sórí funfun. Àwọ̀n ẹ̀fọn na ara rẹ̀ sórí irin tí wọ́n ń dì mú, ó ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ bí aṣọ ìyàwó. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń sáré gòkè fi ìbọ̀wọ́ gbé ẹja gbígbẹ kan lé mi lọ́wọ́, ó ní "Sorry, ma'am," ó ń sáré lọ.

Mofẹ́ ti sáré sọ̀ kalẹ̀. Ó kó ẹrù, ó gbé e gòkè wá bá mi, ó tún sáré lọ. Mo ké sí i pé kó má sáré, ohùn kò jáde. Mo fẹ́ lọ gbọ́ àyà rẹ̀, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo bá ara mi ní ìjókòó, mo di irin mú, mo ń mí bí ajá tí oòrùn pa. Ọmọ náà wá jókòó tì mí, ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn.

"Mummy, breathe with me," ló wí. "In through your nose. Slowly. I'm right here."

Ọ̀rọ̀ mi ni. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún un gẹ́lẹ́ nìyẹn, títí dé ohùn rẹ̀. Mo gbọ́ súfèé lọ́jọ́ náà o. Àyà tèmi ló ń súfèé.

Nígbà tí a padà dé Falconridge, ọkọ̀ kún iwájú ilé wa. Bẹ́ẹ̀dì aláfẹ́fẹ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Nínú pálọ̀, Màmá Pásítọ̀ gbé ìkòkò ọbẹ̀ ata sórí ẹsẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Ṣadé dúró, ọkọ mi sì jókòó láàárín wọn pẹ̀lú káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Wọ́n ti pè é kúrò ní Cochrane.

Ẹ̀gbọ́n Ṣadé gbá mi mọ́ra. "Àbúrò mi, má sunkún mọ́. Mo ti gbá basement mi. Ìwọ àti ọmọ ẹ, títí tí orí ẹ̀ fi máa pé."

"Orí ta ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Mummy Mofẹ́," Màmá Pásítọ̀ wí, "ẹ forí jì í. Ó ti bẹ̀bẹ̀. Ó ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

Mo wo ọkọ mi. "Kí lẹ ṣe?"

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Mo ṣáà ní kí n bẹ̀bẹ̀ ná, kí n lè ráyè wá yín lọ."

Mo wá ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé abúlé, àtẹ̀gùn, àpótí, irun àti kóòtù, ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe tò. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ bó ṣe rí létí ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n Ṣadé fara balẹ̀ jókòó.

"Jẹ́ kí n bi ẹ́," ló wí. "O kó ẹja gbígbẹ lọ sínú snow, kí ọmọ ẹ lè lọ sí France?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dára. Basement yẹn ṣì wà o. Ìwọ nìkan ni kó o wá sinmi níbẹ̀."

Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Mofẹ́ ló ń wò. Òun náà mọ ohun tó wà nílẹ̀. "Ṣé àyà ẹ súfèé?" ló bi í.

Mofẹ́ wò mí kó tó dáhùn, bíi pé ó ń tọrọ àyè.

"Mine didn't," ló wí. "Mummy's did."

"Ọmọ Ìdànrè," ni ọkọ mi wí, ó sì wá bú sẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Màmá Pásítọ̀ ní kí a dìde gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kí òun gan-an parí àdúrà náà. Kí wọ́n tó lọ, ọkọ mi ti kọ̀wé sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. A sì fi ọbẹ̀ ata náà jẹ ìrẹsì.

A lọ. Àpótí kékeré kan la gbé. Ilé oògùn wà lẹ́bàá ibi tí a gbé ọkọ̀ sí, mi ò sì rí ẹ̀fọn kankan. Mofẹ́ ló kọ́kọ́ dé òkè, ó dúró lẹ́nu ibodè òkúta náà, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ké sí mi pé kí n máa gba imú mí. Ìdànrè ló kù báyìí, mo sì ti sọ fún un pé kò ní pẹ́.

Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀. Ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti lè gun òkè. Ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbéra. Bí mo bá sì ń jáde báyìí, ọwọ́ ni mo ń fi di fóònù mi mú. Títí di òní, bí mo bá rí gààrí funfun, mo máa ń dá rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ẹni tó borí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín rèé: bí ohùn yẹn bá dé orí fóònù yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn mọ́. Bí ẹ bá sì rí obìnrin kan lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹrù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ṣùgbọ́n òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bi, kí ẹ tó pe ọkọ rẹ̀.