Àṣíborí Adéòtí Aránfìlà

Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́? Ẹ rọra rò ó wò. Ta ló kọ́kọ́ sọ pé òun ni oògùn rẹ̀? Àgbàlagbà kì í ṣàdédé dìde kó ní kí ẹ má fi ata bọ́jú, àfi bí ẹnìkan bá ti fi ata bọ́jú ládùúgbò. Ẹnìkan ti dán an wò ni. Èmi mọ ìlú tí wọ́n ti dán an wò, mo sì mọ orí tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ bi mí pé ṣé ike ti dáyé nígbà tí òwe yìí dáyé, ẹ gbé ìbéèrè yẹn dání ná. Ẹni tí ìtàn bá ń dùn mọ́ kì í bi ìtàn ní ọjọ́ orí.

Ìlú náà ni Òkè-Agbọ́n. Ẹni náà ni Adéòtí Aránfìlà. Ọdún kọkànlélógún rẹ̀ rè é lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí fìlà tí kì í rán: gọ̀bì ni o, abetí ajá ni o, ìkòrí ni o. Ó ní òfin kan tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kì í sì í yẹ̀ ẹ́: orí tó máa dé fìlà ni wọ́n ń parí fìlà sí. Bí o bá gbé aṣọ wá, yóò fi òwú wọn orí rẹ, yóò sì lọ rán an. Ṣùgbọ́n tó bá ku abẹ́rẹ́ méje tó gbẹ̀yìn, yóò ránṣẹ́ pè ọ́, wàá jókòó lórí àpótí, yóò dé fìlà náà fún ọ, yóò sì rán abẹ́rẹ́ méje náà lórí rẹ níbẹ̀. Ó máa ń gún àwọn ènìyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìjì ìbáà jà, fìlà Adéòtí kì í ṣí lórí ẹni.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Òkè-Agbọ́n fẹ́ ṣe ọjọ́ ìlú. Tíṣà Àjíbóyè, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kọ eré kan nípa ogun àtijọ́. Nínú eré náà, ọ̀gágun àwọn ọ̀tá dé àṣíborí tí ọfà kì í wọ̀, ó ń da ìlú láàmú, títí obìnrin akọni kan tó ń jẹ́ Ọmọ́tóyìn fi bẹ́ orí rẹ̀. Ọmọ Tíṣà tó wà lókè òkun ló fi àṣíborí náà ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú páálí rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, wọn kò rí àṣíborí kankan. Ike wẹ́wẹ́ mẹ́tàlélógún ni wọ́n bá níbẹ̀, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù àti ìwé kan tó kún fún àwòrán. Ẹni tó bá fẹ́ dé e ni yóò tò ó.

"Iṣẹ́ mi rè é," ni Múyídì káfíńtà wí. "Ohun tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, káfíńtà ló ni ín."

"Ṣé àga ni wọ́n fẹ́ fi kàn?" ni Adéòtí bi í. "Ohunkóhun tó bá ti ń lọ sórí ènìyàn, èmi ni mo ni ín."

"Ṣé o ti lẹ ike rí láyé rẹ?"

"Ṣé ìwọ ti dé ènìyàn ní fìlà rí?"

Ọ̀rọ̀ di ti ìlérí. Adéòtí dìde dúró, ó ní bí òun kò bá lè ṣe é, láti ọjọ́ ìlú lọ, níbikíbi tí òun bá ti pàdé Múyídì, òun yóò ṣí fìlà kí i, ìbáà jẹ́ láàárín ọjà.

Gbogbo ìgbìmọ̀ yíjú sí fìlà orí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí àtàrí Adéòtí rí ní Òkè-Agbọ́n, àfi ìyàwó rẹ̀, òun náà kì í sì í rí i lójoojúmọ́. Aránfìlà tó bá ń ṣí fìlà kí káfíńtà, ta ni yóò tún gbé aṣọ wá fún un? Kó kúkú lọ gbin iṣu. Adéòtí mọ ohun tó fi dógò, ó kàn ti sọ ọ́ jáde lẹ́nu ni.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ẹlẹ́rìí," ni Múyídì wí. Tíṣà kó páálí fún Adéòtí, ó sì ní kí Adéòtí fúnra rẹ̀ ṣe ọ̀gágun àwọn ọ̀tá, kí Sìfáwù ṣe Ọmọ́tóyìn.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Lọ́jọ́ kìíní, ó wá ike keje títí, àṣé ó jókòó lé e ni. Lọ́jọ́ kejì, gọ́ọ̀mù lẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ìka ìfábẹ̀lá, Ìyá Tóyọ̀sí ìyàwó rẹ̀ ló fi ṣíbí bọ́ ọ lóúnjẹ. Obìnrin náà tẹ́ ìwé àwòrán síwájú rẹ̀.

"Bàbá Tóyọ̀sí, ẹ wo ibí yìí. Ó jọ pé wọ́n ní kí ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ ti ẹ̀yìn mọ́ ti iwájú. Wọ́n ya ìkọ́ síbẹ̀."

"Ìyá Tóyọ̀sí, ta ló ń rán fìlà nínú ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ sì ni obìnrin náà sọ. Iwájú kan, ẹ̀yìn kan, ìkọ́ ló yẹ kó so wọ́n pọ̀ kí ẹni tó dé e lè máa ṣí i bí ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n lójú Adéòtí, ohun tó bá ń ṣí, jíjá ló fẹ́ já, wọn kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun já. Ó ní ọ̀ṣọ́ lásán ni ìkọ́.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ ìlú gan-an, ó ku kí ó lẹ ẹ̀yìn mọ́ iwájú. Adéòtí rántí òfin bàbá rẹ̀. Orí tó máa dé e ńkọ́? Orí òun ni. Ó jókòó sórí àpótí àwọn oníbàárà, ó gbé ti ẹ̀yìn lé ìpàkọ́, ó gbé ti iwájú bo ojú, ó da gbogbo gọ́ọ̀mù tó kù sí ojú ìpàdé wọn, ó sì dì í mú. Ó ka oókan dé ọgọ́rùn-ún. Nítorí pé iṣẹ́ náà wù ú, ó tún ka ọgọ́rùn-ún mìíràn.

Gọ́ọ̀mù gbẹ. Ó mi orí, àṣíborí kò mì. Ó wo dígí láti inú ihò ojú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn gan-an, ó wá fẹ́ bọ́ ọ kí ó lè rí i dáadáa. Àṣíborí kò bọ́. Ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ kò fẹ̀ ju ọrùn ènìyàn lọ, àgbọ̀n Adéòtí sì rèé, ó fẹ̀.

"Ìyá Tóyọ̀sí!"

Obìnrin náà sáré wọlé. "Ẹ ti parí ẹ̀?"

"Mo ti parí ẹ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ ń pariwo?"

"Mo ti parí ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ."

Ó fà á. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e léjìká, ó tún fà á. Ó bu adí sí i láti ojú ihò, adí wọ Adéòtí létí, ó wọ̀ ọ́ lójú. Àṣíborí kò bọ́, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Adéòtí ń wo iwájú, àṣíborí ń wo ẹ̀yìn, ọkùnrin náà sì lọ forí sọ ògiri kí wọ́n tó bá a yí i padà. Bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ ẹ́, ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ni wọ́n tì bọ ihò ẹnu rẹ̀ kí ó tó rí omi fà.

Nígbà tó di ọ̀sán, òórùn gọ́ọ̀mù àti oòrùn ti ṣe é, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀. Gbogbo ìlú ti gbọ́ pé orí ń fọ́ Adéòtí. Àwọn tó wá kí i kún àgbàlá, Múyídì wà lára wọn pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jẹ́ n gé e. Kò gba àkókò rárá."

"Ẹ má gé e o!" ni Tíṣà kígbe. "Òun nìkan ló wà! Àwọn àlejò ti ń jókòó ní pápá!"

"Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn mí," ni Adéòtí wí láti inú ike. "Wọn yóò ní káfíńtà ló ń bá mi bọ́ fìlà."

Ojú tì í. Ká má parọ́, ó sunkún díẹ̀ nínú àṣíborí náà, ṣùgbọ́n adí ti wà lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ èyí tí í ṣe omijé.

"Ṣé orí ló ń fọ́ ọ?" ni Múyídì bi í.

"Ó ń fọ́ mi."

"Fara dà á. Tó bá di aago mẹ́rin, Sìfáwù yóò bá ọ bẹ́ ẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rántí rẹ̀.

Sìfáwù ni Ọmọ́tóyìn inú eré. Igi ìdáná ló ń tà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń là á. Múyídì ló fi ìrókò gbẹ́ àdá eré fún un, ó sì wúwo débi pé kò sí obìnrin mìíràn tó lè gbé e sókè. Tíṣà ti kọ́ ọ pé kí ó kàn fi àdá kan ọrùn Adéòtí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí Adéòtí ṣubú, kí igbá kan tí wọ́n ya ojú sí yí jáde lábẹ́ aṣọ. Nígbà tí wọ́n ń dán an wò, ó ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, gbogbo pápá ń pariwo pé, "Bẹ́ ẹ! Bẹ́ ẹ!" Orí Sìfáwù wú. Ó rí ohun roboto kan níwájú rẹ̀, ọwọ́ tó ti la igi fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò sì mọ ohun tí ń jẹ́ eré.

Adéòtí rí i tí àdá ń lọ sókè. "Sìfáwù, rọra o," ló wí, ṣùgbọ́n nínú ike, ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti ẹranko. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́ fún un.

Gbàgà!

Ojú ibi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ gan-an ló bà. Àṣíborí là sí méjì, ìdajì bọ́ síwájú, ìdajì bọ́ sẹ́yìn, orí Adéòtí yọ láàárín wọn, ó ń dán fún adí. Òkú ló yẹ kí ó jẹ́. Kàkà kí ó ṣubú, ó dúró, ó fọwọ́ kan etí ọ̀tún, ó fọwọ́ kan etí òsì. Atẹ́gùn fẹ́ sí i lórí. Iyán tí wọ́n ń gún dáwọ́ dúró. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé ó gbàgbé pé wọ́n ti bẹ́ òun lórí.

"Ẹ̀yin ará ìlú!" ló kígbe. "Orí fífọ́ náà ti lọ! Bí Sìfáwù ṣe bẹ́ ẹ báyìí ló lọ!"

Tíṣà fọwọ́ bojú. Àwọn tó wà níwájú mọ̀ pé ike ló là. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn kò mọ nǹkan kan nípa gọ́ọ̀mù. Wọ́n ti ń gbọ́ láti ọ̀sán pé orí ń fọ́ ọkùnrin náà, wọ́n gbọ́ pé Sìfáwù yóò bá a bẹ́ ẹ, wọ́n rí i tó bẹ́ ẹ, wọ́n sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé ó ti san. Ẹ̀rí wo ni wọ́n tún ń wá?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Sìfáwù dé ìsọ̀ rẹ̀, ó bá ènìyàn mọ́kànlá tí wọ́n jókòó lórí ìtì igi, kálukú fọwọ́ dá orí mú. Kò sí ẹni tó fẹ́ ra igi nínú wọn.

"Ẹ bá wa bẹ́ ẹ," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ẹ rọra bẹ́ ẹ o."

Ìyá àgbà kan ní ti òun kì í ṣe orí, eyín ni, ṣé ó wà nínú rẹ̀.

Sìfáwù ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa lọ sílé ni Múyídì bá dé. Ó ti fi Adéòtí rẹ́rìn-ín láti Sátidé, ẹ̀rín náà ti di orí fífọ́ sí i lára. Ẹ ó ní ṣebí ó mọ̀ nípa gọ́ọ̀mù. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló ń yin àdá náà, ta ló sì gbẹ́ àdá? Ìyìn kò jẹ́ kí ó ronú.

"Igi mi ni," ló wí. "Nínú ìrókò náà ni agbára wà, ọwọ́ mi ló sì gbẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣáájú."

Ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba. Sìfáwù rọra gbá a. Ẹ má gbàgbé pé bí Sìfáwù ṣe ń rọra yàtọ̀ sí bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń rọra. Kókó tó yọ lórí Múyídì tó ẹyin tòlótòló. Àwọn mọ́kànlá tó kù wò ó, orí gbogbo wọn sàn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì lọ sílé. Ìyá eléyín náà ló ṣíwájú wọn.

Fìlà Múyídì kò wọlé mọ́. Ó gbé e dání, ó la àárín ọjà kọjá pẹ̀lú àtàrí lásán, títí ó fi dé ìsọ̀ Adéòtí.

"O kú iṣẹ́ o," ló wí.

Adéòtí gbójú sókè. Gọ̀bì tuntun wà lórí òun ní tirẹ̀. Ó wo Múyídì, ó wo fìlà ọwọ́ rẹ̀, ó wo gbogbo ọjà tó ń wò wọ́n. Inú rẹ̀ dùn dé ìsàlẹ̀ ikùn, kò sì fi pamọ́.

"Múyídì, ìwọ lo ṣí fìlà kí mi láàárín ọjà báyìí?"

"Kò wọlé mọ́ ni. Ràn mí lọ́wọ́, rán èyí tó tóbi fún mi."

"Jókòó sórí àpótí."

Ó fi òwú wọn orí náà, ó fò kókó, ó tún padà wọn kókó lọ́tọ̀. Títí ọ̀sán ló fi rán an. Nígbà tó ku abẹ́rẹ́ méje, ó dé e fún Múyídì, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé orí náà ṣì ń fọ́ ọ?"

"Ó ń fọ́ ju ti àná lọ."

Ní àkókò yìí, ọ̀rọ̀ ti dé ààfin Baálẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé ìròyìn ti kan Ìsàlẹ̀-Odò, ìlú kejì, pé àwọn tí orí ń fọ́ níbẹ̀ kò ní ìrókò, nítorí náà wọ́n ti ń pọ́n àdá. Àdá irin. Baálẹ̀ fò dìde. Àwọn ìjòyè fẹ́ kọ́kọ́ jíròrò irú èdè tí wọn yóò fi kéde rẹ̀, Baálẹ̀ ní kò sí àyè ìyẹn, kí wọ́n sọ ọ́ bí yóò ṣe yé ẹni tí orí ń fọ́.

Abẹ́rẹ́ keje ni Adéòtí ń rán lọ́wọ́ nígbà tí akéde lu agogo kọjá níwájú ìsọ̀. Ohùn ọkùnrin náà mú débi pé Adéòtí ta gìrì, ó sì gún Múyídì lábẹ́rẹ́ lójú kókó gan-an.

"Baálẹ̀ ní kí n kí yín o! Ó ní kí ẹ gbé àdá jẹ́ẹ́! Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o!"

Múyídì di kókó mú, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Ṣé ìsinsìnyí," ló wí, "ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n?"

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń tètè sọ ọ́. Kí ayùn tó dé, kí Sìfáwù tó gbé igi, àgbà yóò ti là á mọ́lẹ̀ fún yín pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.