Fóònù Búlúù Tó Gbé Mi Gun Orí Tánkì

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ayé, bí mo tilẹ̀ fẹ́ kó kúrò. Ọjọ́ náà ni bàbá Ràbí, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya, ní àwọn fẹ́ rí mi. Kano ni bàbá ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ọkà; Tanke ní Ìlọrin ni èmi wà. Wọ́n ní lórí fóònù ni ká ti ríra, ojú kojú, lẹ́yìn ìrun Alásàrí. "Mi ò lè fọmọ fún ohùn lásán," ni wọ́n sọ fún Ràbí.

Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni fóònù mi yọ̀ bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ìwẹ̀. Mo gbọ̀n ọ́n, mo fi í sínú ìrẹsì bí wọ́n ṣe máa ń wí, kò jí. Ni mo bá sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Múrí, ẹni tó ń ta fóònù ládùúgbò wa.

Múrí kó méjì síwájú mi. Orúkọ kan náà, ìwọ̀n kan náà, ojú kan náà. Ìyàtọ̀ tí èmi rí ò ju pé ọ̀kan dúdú, èkejì búlúù bí ojú ọ̀run. Mo gbé dúdú, mo gbé e sílẹ̀. Mo gbé búlúù, mo yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Mo jáde lọ wò ó nínú oòrùn, mo tún wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó ná," Múrí ní. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo lẹ ń lò?"

Mo dárúkọ ẹ̀. Ó ní kí n mú dúdú, pé òun ni wọ́n ṣe fún ilẹ̀ wa níbí. Òkè òkun ni wọ́n ti kó búlúù wá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi lè má bá a mu. Mo gbà. Ó ki síìmù mi bọ dúdú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún dẹ́nu. Ká ní mo gba ilé lọ ni, ìtàn ì bá parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn tèmi kì í jókòó síbì kan. Nínú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó jókòó tì mí ń fi fóònù ya fọ́tò ara ẹ̀. Irú búlúù yẹn gan-an! Ojú ẹ̀ ń dán nínú ẹ̀ bíi ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mo wo tèmi. Dúdú. Mo rò ó pé ojú mi ni bàbá ìyàwó fẹ́ wò o. Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ já mi sílẹ̀.

"Ẹ tún ti dé?" Múrí ní.

"Gbé búlúù fún mi."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́?"

"Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ àwọ̀ ni?"

Ó wò mí, ó mi orí, ó pààrọ̀ ẹ̀.

Mo délé, mo wọ agbádá funfun, mo dé fìlà. Mo wo fóònù: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Mo pa á, mo tàn án. Ó yọjú díẹ̀, ó tún fà sẹ́yìn bí ìgbín. Mo lọ sójú fèrèsé, mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n pe ìrun Alásàrí. Mo kírun wàràwàrà, kí Ọlọ́run bá mi gbà á. Bí mo ṣe ń dìde ni mo rí àkàbà tó fara ti tánkì omi ilé wa. Nǹkan tó bá ga, ṣebí ó sún mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì?

Mo gùn ún tagbádá-tagbádá. Lókè yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé lóòótọ́. Ìpè wọlé. Ojú bàbá jáde, ó sì gan síbẹ̀ tẹnu ní lílà, ohùn wọn nìkan ló ń wọlé.

"Níbo lo wà yẹn?"

"Ilé ni mo wà, Bàbá."

"Kí ló dé tí mò ń rí orí igi mọ́ńgòrò lẹ́yìn ẹ?"

Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Wọ́n ní báwo ni mo ṣe máa tọ́jú ọmọ àwọn. Mo ti kọ́ ìdáhùn yẹn sórí tipẹ́. Mo ní, "Mi ò ní fìyà jẹ ọmọ yín láéláé." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé "mi ò ní" mì. Èyí tó dé Kano ni "fìyà jẹ ọmọ yín láéláé."

"Kí lo wí?" bàbá pariwo.

Ibi tí mo ti ń ṣàlàyé ni ẹ̀fúùfù ti kó sínú agbádá mi, ó gbé e bò mí lórí. Ìyá onílé wa jáde wá pọn omi, wọ́n gbójú sókè, ẹsẹ̀ méjì àti aṣọ funfun ni wọ́n rí. "Olè! Ẹ gbà mí o, olè wà lórí tánkì!" Ẹ̀yin èèyàn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ò lè gbé ọ̀rọ̀ tèmi, ó gbé "olè" dé Kano kedere. Ìpè já.

Kí n tó sọ̀kalẹ̀, àdúgbò ti pé sídìí àkàbà, ẹnì kan tiẹ̀ mú ọmọ odó dání. Mo bẹ ìyá onílé títí wọ́n fi yá mi ní fóònù kékeré wọn tó ní tọ́ọ̀ṣì. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti pe bàbá, bẹ́ẹ̀ wọn ò rí mi. Mo rojọ́ láti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé orí tánkì. Ẹ̀rín bàbá ni mo gbọ́.

"O mú dúdú, o dá a padà, o mú búlúù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ràbí ní àbúrò kan, wọ́n jọra bí ìbejì. Ṣé ó dá ẹ lójú pé Ràbí lo fẹ́?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá!" Igbe tí mo fi sọ ọ́ mú kí ìyá onílé pàtẹ́wọ́.

"Ó dáa. Mi ò gba ìdápadà o."

Bí wọ́n ṣe fún mi níyàwó nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn kọ́kọ́ wádìí bóyá nǹkan máa ṣiṣẹ́ níbi tóun ń gbé, kó tó wò ó bóyá ó rẹwà. Nígbà tó tún yá tí a fẹ́ ra fóònù, Ràbí nìkan ló lọ. Ó ní kí n dúró sílé. Mo dúró lóòótọ́, mò ń rìn káàkiri pálọ̀, mò ń fi ara mi rẹ́rìn-ín.