Bátìrì Gba Ilé Lọ́wọ́ Onílé

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ilé ahun ò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun ò gba àlejò?

Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé ahun inú igbó ni, ẹranko tó ń gbé karawun kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi làákàyè bá ara wa sọ̀rọ̀. Ta ni nínú yín tó ti rí ahun tó dúró síta, tó ń ráhùn pé àyè ò gba òun nílé? Kò sí ẹranko tí ilé rẹ̀ bá a mu tó ti ahun. Ó bá a mu débi pé kò lè bọ́ ọ láti fọ̀ ọ́. Àwọn àgbà wa kì í sì í purọ́ mọ́ ẹranko láìnídìí. Ahun mìíràn ni wọ́n ń bá wí. Ahun ọ̀hún ní táyà mẹ́fà, Ìsẹ́yìn ló ń gbé, mo sì mọ nọ́ńbà ara rẹ̀.

Bọ̀lẹ̀kájà ni. Mọ́tò akẹ́rù àtijọ́, èyí tí imú rẹ̀ gùn síwájú, tí wọ́n fi pákó kan ẹ̀yìn rẹ̀, tí èrò àti iṣu jọ máa ń fara kínra níbẹ̀. Bàbá Morẹ́nikẹ́ jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá tó bí i. Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ omi, ó ní òun ò ní jókòó sílé kí òun máa ta ayò. Ó yọ àwọn bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn mọ́tò náà, ó tẹ́ ibùsùn síbẹ̀, ó kan pẹpẹ ìkòkò, ó gbé sítóòfù gáàsì kékeré sí igun kan. Lẹ́yìn pátápátá, ó na tapólì sórí òpó méjì, ó gbé àga méjì sábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò rí mọ́tò tó gbé ilé pọ̀n kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ ọ́ ní Ahun. Kò pẹ́ tí orúkọ náà fi ran olówó rẹ̀. Bàbá Ahun. Inú kò bí i. Ó ní kí akọ̀wé ara mọ́tò fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ síwájú orí mọ́tò náà.

Nítorí ìyàwó rẹ̀ ló ṣe ń ṣe gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ló ti ṣèlérí fún un pé òun á mú un lọ wo Ìkọ́gọ̀sì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé tí wọn ò bá ara wọn jà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rèé. Lọ́dún kan, ìbímọ ló dí wọn lọ́wọ́. Lọ́dún kan, òrùlé ló ń jò. Lọ́dún mìíràn, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Màmá Morẹ́nikẹ́ ti ṣe ọ̀gá iléèwé rí. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó yí mọ́tò náà po bí ẹni tó ń yẹ èékánná ọmọ iléèwé wò.

“Ó dára, Bàbá Morẹ́nikẹ́. Àmọ́ oṣù Ẹrẹ́nà la wà yìí. Ẹgbẹ́ àwa tíṣà tó fẹ̀yìn tì náà ń lọ sí Ìkọ́gọ̀sì, bọ́ọ̀sì wọn ní ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n sì ti fi àyè sílẹ̀ fún mi. Lọ́sàn-án Sátidé, n óò wá sun oorun ọ̀sán nínú mọ́tò yín. Bí òógùn bá fi lè sẹ̀ níwájú orí mi, bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ni n óò wọ̀. Omi gbígbóná ni mo fẹ́ lọ wò. N ò fẹ́ di omi gbígbóná kí n tó débẹ̀.”

Bàbá tọ̀ mí wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. “Ẹ̀ńjìníà,” ó ní, “ìgbéyàwó mi dọwọ́ rẹ.”

Iṣẹ́ iná ni mo kọ́ ní Poli, kì í ṣe ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n mo gbà. Mo pe Mùdá, ríwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní ìdí mángòrò. Mùdá ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, n ò sì tíì gbọ́ kó sọ pé nǹkan kan ò ṣeé ṣe. Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Ó kù díẹ̀.”

Fáànù kan àti bátìrì kan la kọ́kọ́ fi sí i. Bàbá jókòó sábẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó jáde, ó ní ó dà bí ìgbà tí ènìyàn kan ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọbẹ̀ tí òun sì ni ọbẹ̀ náà.

“Ó kù díẹ̀,” ni Mùdá wí.

A gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ ọ. Òtútù ń gba ojú fèrèsé jáde bí omi inú agbọ̀n, nítorí bọ̀lẹ̀kájà kì í ní gíláàsì. A kan pákó pa gbogbo fèrèsé, a ki fóòmù sí ihò tó kù. Mo wá jókòó, mo ṣe ìṣirò: bátìrì mẹ́jọ, sólà mẹ́fà lórí òrùlé. Ìṣirò náà pé. Níbikíbi tí ẹ bá pè mí sí, n óò dúró tì í. Ohun tí ìṣirò náà ò béèrè ni ibi tí ènìyàn máa jókòó sí, wọn ò sì béèrè ìyẹn nínú ìdánwò wa.

Bátìrì kọ̀ọ̀kan tó kéèsì ọtí kan. A tò wọ́n sábẹ́ ibùsùn. Ẹ̀rọ náà tutù fún ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, lẹ́yìn náà ni ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, ké “píìììì”, gbogbo rẹ̀ sì kú. Mùdá fọwọ́ kan bátìrì, ó yára fà á padà.

“Bàbá, ooru ń mú àwọn bátìrì.”

“Ooru ń mú wọn? Àwọn tí a kó wá kí ooru má baà mú wa?”

“Bí ènìyàn ni bátìrì ṣe rí, Bàbá. Bí ooru bá mú un, kò ní ṣiṣẹ́. Á kàn máa wò yín.”

A gbé ibùsùn kúrò kí atẹ́gùn lè kan wọ́n. A fún wọn ní fáànù méjì. Fáànù náà ń jẹ iná, la bá fi bátìrì méjì kún un. Ó di mẹ́wàá. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, atẹ́gùn gbígbóná ni fáànù ń fẹ́ sí bátìrì gbígbóná. Mùdá ní ó kù díẹ̀. A gbé ẹ̀rọ amúlétutù kejì wá, a kọjú rẹ̀ sí àwọn bátìrì. Mo ṣe ìṣirò tiẹ̀ náà: bátìrì mẹ́jọ sí i. Ó di méjìdínlógún. Mẹ́rìndínlógún tò láti ilẹ̀ dé àjà bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Méjì tó kù jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, Mùdá sì fi okùn dè wọ́n mọ́ àga kí wọ́n má baà ṣubú. Sólà kún orí òrùlé, ó ṣẹ́kù sórí tapólì. Àpótí ẹ̀yìn àwọn ẹ̀rọ amúlétutù, àwọn tó máa ń kó ooru inú ilé dà síta, la gbé kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Pẹpẹ lọ, sítóòfù lọ. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé ibùsùn lọ sí yàrá ẹrù.

Ṣé ẹnì kan nínú àwa ọkùnrin mẹ́ta kíyè sí nǹkan kan? Rárá o. Òtútù là ń wá, kì í ṣe ìjókòó.

Nígbà tó di Sátidé, aago méjì ọ̀sán, alángbá ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè níkọ̀ọ̀kan lórí ògiri. Màmá dé pẹ̀lú ẹní, ìrọ̀rí, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wá láti Ṣakí láti ṣe ẹlẹ́rìí. Bàbá ṣílẹ̀kùn. Òtútù tú jáde bí ọyẹ́ ọdún Kérésì. Màmá dijú.

“Háà! Bàbá Morẹ́nikẹ́!”

Ohùn tó fi pè é yẹn, ó ti pẹ́ tí Bàbá ti gbọ́ irú rẹ̀. Ó wò mí. Mo wo Mùdá. Mùdá ní, “Ó ti tó.” Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Màmá wá lajú.

“Ibùsùn dà?”

Bàbá yíjú sí yàrá ẹrù.

“Ẹ̀yin ọkùnrin mẹ́ta yìí, mo ní ibùsùn dà? Àga ńkọ́?”

“Màmá,” ni Mùdá wí, “àyè ẹsẹ̀ kan ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.”

Màmá ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀. “Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Ẹsẹ̀ òsì ńkọ́? Ṣé kó lọ wọ bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ni?”

Màmá Ṣakí ti rọra lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní tirẹ̀. Àpótí méjèèjì da ooru bò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Gèlè rẹ̀ ṣí, ó gba orí ọgbà fò lọ.

“Ẹ gbà mí o! Ṣé àlejò lẹ ń ṣe ni, àbí ẹran lẹ ń yan?”

Bàbá ní ká yọ bátìrì mẹ́rin kí ìyàwó òun lè ráyè wọlé. A yọ wọ́n. Ínfátà ké, ó kú, ooru sì ti wọlé kí Màmá tó jókòó. A dá wọn padà. Òtútù dé, Màmá jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é. Bí bátìrì bá wà nínú ilé, òtútù á wà, ènìyàn ò ní sí. Bí ènìyàn bá wọlé, òtútù á bá bátìrì jáde. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, torí wọn ò kọ́ wa ní Poli.

Bàbá lọ jókòó sórí gbòǹgbò mángòrò. Òógùn ti ń ṣàn níwájú orí ìyàwó rẹ̀, gbogbo wa la sì rí i.

“Àwẹ̀ró,” ó ní, kò gbójú sókè, “àdéhùn ni àdéhùn. Lọ wọ bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ. Wàá wá sọ fún mi bí omi náà ṣe rí.”

Mùdá lanu láti sọ pé ó kù díẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Màmá fi etí ìró nu ojú. “Bọ́ọ̀sì wo? Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí àyè mi.”

“Láti Ọjọ́bọ̀ kẹ̀? Kí ló wá dé tí o fi ń dán wa wò?”

“Kí ẹ lè tètè ṣe tán ni. Bí mo bá ní kò sí wàhálà, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n mìíràn lẹ máa fi kan pákó.”

Ọjọ́ Ajé la gbéra. Mùdá ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni títú àwọn bátìrì yẹn máa gbà, Bàbá sì ní Ahun gbọ́dọ̀ dé Ìkọ́gọ̀sì. Mùdá wa Ahun ṣáájú, àwọn bátìrì wà nínú òtútù. Bàbá àti Màmá jókòó sínú mọ́tò tèmi tí kò ní nǹkan kan, a ṣí gbogbo fèrèsé, à ń mu píọ́ wọ́tà, à ń wo ìdí ilé wọn níwájú wa.

“Ẹ wò ó bó ṣe ń lọ,” ni Màmá ń wí. “Àwọn inú rẹ̀ ń gbádùn.”

Lójú ọ̀nà, ọlọ́pàá kan ní kí Mùdá ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ki orí bọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, orí rẹ̀ ò jáde. Ó ní àyẹ̀wò ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Nígbà tí a dé ẹnu géètì ibi tí wọ́n ti ń wo omi náà, àwọn àgbà bíi mẹ́ta jókòó sábẹ́ igi. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ géètì dìde.

“Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá. Ilé yín yìí mà dára! Ṣé inú rẹ̀ lẹ máa sùn ni, àbí ẹ máa gba yàrá?”

Bàbá wo mọ́tò, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. “Yàrá la máa gbà, ọmọ mi. Ilé ahun ò gba ahun.”

“Kò burú, sà. Ẹ jẹ́ kí èmi kàn ríbi forí pamọ́ sí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.” Ó ti gbé àga rẹ̀, ó ń lọ. Mùdá ò sì tíì pa ẹ̀rọ.

“Padà, ọmọ mi!” ni Màmá figbe ta. “Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun ò gba àlejò!”

Ó ti pẹ́ jù. Ọkùnrin náà sáré jáde, ó gbé àga bo orí, ó ń bẹ oòrùn pé kó má bínú.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà abẹ́ igi mi orí. “Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bàbá mi máa ń pa òwe yẹn.”

“Bàbá tìrẹ?” ni èkejì wí. “Bàbá bàbá mi ló dá a sílẹ̀.”

Mo wo aago ọwọ́ mi. Òwe náà ò tíì pé ìṣẹ́jú méjì láyé. Mi ò bá wọn jiyàn. Màmá ti fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí omi, ẹ̀rín rẹ̀ ń dún láàárín igi. Lẹ́yìn wa, nínú òtútù, láìsí ẹni tó dí wọn lọ́wọ́, bátìrì méjìdínlógún ń sinmi ní tiwọn.

Ìdí rèé tí àwọn àgbà fi ń sọ ọ́ títí dòní, tí wọ́n sì ń ṣe bí ẹni pé wọ́n mọ̀ ọ́n láti kékeré: ilé ahun ò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun ò gba àlejò.