Abẹ Poland Tí Mo Pè Ní Pàǹtí

Bí mo bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún láyé, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ Sátidé tí Bàbá Marek gbé agolo kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Peckham, nílùú London. Ará Poland ni wọ́n, Nunhead ni wọ́n ń gbé, èmi ni mo máa ń gẹrun fún wọn. Abẹ mẹ́rin ló wà nínú agolo náà, irú abẹ àtijọ́ tó máa ń ká sínú èèkù rẹ̀. Bàbá Marek ní bàbá àwọn tó jẹ́ onígbàjámọ̀ ló fi í sílẹ̀. Ojú àwọn ò ríran ka lẹ́tà kéékèèké mọ́, kí n ṣa èyí tí wọ́n ṣe ní Poland fún àwọn. Ìyẹn làwọn á tọ́jú, ìyókù á lọ sí charity shop, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun àlòkù fi ṣàánú.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ pé clipper nìkan ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Alhaji Múfú wà lórí àga, mo ń tún irùngbọ̀n wọn ṣe, mi ò sì fẹ́ kí ojú tì mí. Mo gbé èyí tó ń dán jù sókè, mo ka "Solingen" lára rẹ̀, mo ní ìlú ńlá kan ní Poland nìyẹn. Èyí tó wúwo bí àáké, tí àwọ̀ èèkù rẹ̀ ti ṣá, mo ní pàǹtí ni, mo jù ú sínú àpò charity.

Alhaji rọra sọ pé, "Germany ni Solingen wà. Ibẹ̀ ni ọ̀bẹ ìdáná wa ti wá."

Kí n má bàa tẹ́, mo ní kí wọ́n wò ó bí abẹ ṣe ń mú. Mo bọ́ bẹ́líìtì mi, mo so ó mọ́ àga, mo ń pọ́n abẹ náà lórí rẹ̀ bí mo ṣe rí i lórí fóònù. Òdì ni mo dojú abẹ kọ. Bẹ́líìtì já sí méjì, ṣòkòtò mi wálẹ̀ dé orúnkún.

Níbi tí mo ti ń fà á sókè, Alhaji ti fi gíláàsì sójú, wọ́n yọ pàǹtí mi nínú àpò, wọ́n fi aṣọ nu ọrùn irin rẹ̀. Wọ́n béèrè pé, "L wo ni wọ́n fa ìlà kọjá lára rẹ̀ báyìí?"

Bàbá Marek nawọ́ gbà á. Wọ́n fi àtàǹpàkò wá lẹ́tà náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní lẹ́tà Poland ni. Abẹ yìí gan-an ni bàbá àwọn fi fá irùngbọ̀n àwọn láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn.

Bàbá Marek wá jókòó, wọ́n kọ́ mi. Ọrùn irin ni kí n kọ́kọ́ máa kà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń lu orúkọ ìlú sí. Kí n wo orí rẹ̀, bóyá ó rí róbótó tàbí ó ní igun. Kí n wo ikùn rẹ̀, bóyá ó ki tàbí wọ́n gbẹ́ ẹ wọnú. Wọ́n fi ìka kan ṣoṣo ṣí i, wọ́n fi fá irun apá wọn, kò ha wọ́n rárá. Mi ò tíì rí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé "mi ò mọ̀" kì í pa èèyàn. Mo ti ń sọ ọ́ báyìí láìtijú, fún oníbàárà, fún àwọn ọmọ mi tí wọ́n bá gbé homework wá. Ìyàwó mi ní mo tiẹ̀ ti ń sọ ọ́ jù.