Ọjọ́ Tí Mo Fún Àpò Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Màmá Fólúkẹ́

Ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi fún àpò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ìyá ìyàwó mi, bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi, n ò ní gbàgbé rẹ̀. Nígbà náà, kò tíì di ìyá ìyàwó mi o. Tíṣà ni mí ní Èrúwà, Fólúkẹ́ ni mo ń fẹ́, wọ́n sì ti ní kí n wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna ní Ìdèrè, ìlú wọn. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ọkọ ìyàwó á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọn á lọ kọ ebè lóko bàbá ìyàwó, gbogbo ẹbí á sì máa wo ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ wọn lọ. Bàbá Fólúkẹ́ ti gbà mí tipẹ́, màmá rẹ̀ ló kù. Fólúkẹ́ ti kìlọ̀ fún mi pé ìyá òun kì í sọ bẹ́ẹ̀ ni, kì í sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, pé ńṣe ló máa ń wo èèyàn.

Ọjọ́ Sátidé ni ọ̀wẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti dé Ìdèrè láti Tusidé. Mo rò ó pé bí mo bá ran màmá lọ́wọ́ nídìí ọtí tí a óò mu lóko, ọ̀rọ̀ mi á ti yanjú kí àwọn ọ̀rẹ́ mi tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin obìnrin yìí ná. Kí n tó dé ló ti rẹ àgbàdo, tó jẹ́ kó hù, tó sá a, tó sì lọ̀ ọ́. Ojú mi ló ṣe sè é. Kò wo aago, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń mọ bí omi ṣe gbóná tó. Nígbà tó jinná, ó dà á sínú àpò aṣọ funfun, ó so ó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi lórí ìkòkò, ó wá ń fi igbá bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé e lórí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ohun tó ń kán sílẹ̀ mọ́ gaara, ó pupa bí oyin. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó, ó wù mí púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jẹ́ tíṣà, ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́.

"Mà, ẹ ò ní fún un ni? Omi ṣì pọ̀ nínú ẹ̀ o."

"A kì í fún un, Tíṣà. Á kán fúnra ẹ̀."

"Ṣé omi tẹ́ ẹ ń bù lé e yìí ò ní là á jù?"

"Adùn tó ṣẹ́ kù lára èèrí àgbàdo ni omi ń ṣan wálẹ̀. Tó o bá fún un, ìkorò èèrí á bá a wá, á sì máa ha èèyàn lọ́fun." Ó gbé igbá lé mi lọ́wọ́, ó ní òun fẹ́ lọ yá ìkòkò kan lọ́dọ̀ àbúrò òun. "Máa bu omi lé e. Má fọwọ́ kan àpò o."

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo fi fa fóònù yọ. Mo rí fídíò òyìnbó kan tó ń pọn ọtí nílé ara rẹ̀, ó ń fún àpò tirẹ̀ tagbáratagbára, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló wá dé tí a fi ń fi ohun tó dáa ṣòfò? Mo sọ àpò kalẹ̀. Mo gbé ìkòkò kékeré mìíràn sábẹ́ rẹ̀, ọgbọ́n kan ṣoṣo tí mo gbọ́n lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mo lọ́ àpò, mo fún un, inú rẹ̀ gbóná ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi lọ́wọ́, mo tún fún un. Omi funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í ya wálẹ̀, ó ki bí omi ẹfun. Kò jọ ti màmá rárá, ṣùgbọ́n ó pọ̀, inú mi sì ń dùn.

Ibi tí mo ti ń fún un lọ́wọ́ ni Bàbá Fólúkẹ́ wọlé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì. Ẹ gbà mí! Àna kì í kí bàbá ìyàwó lóòró. Bẹ́ẹ̀ n ò lè ju àpò ọtí sínú iyẹ̀pẹ̀. Mo gbá àpò mọ́ àyà, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Àpò bẹ́. Èèrí gbígbóná tú sí mi láyà, ó kun irùngbọ̀n mi, ó ta sí ẹsẹ̀ àwọn àgbà. Ẹ sì mọ̀ pé àna tó dọ̀bálẹ̀ kì í dìde títí wọn yóò fi ní kó dìde. Ẹ̀rín ti gba ẹnu àwọn bàbá, kò sẹ́ni tó rántí. Ewúrẹ́ kan dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá èèrí lọ́rùn mi, èmi tíṣà tí àwọn ọmọ kíláàsì ń bẹ̀rù.

Orí ilẹ̀ náà ni màmá bá mi. Ó wò mí, ó wo ìkòkò kékeré.

"Bàbá Fólúkẹ́, ẹ ní kó dìde," ni gbogbo ohun tó sọ.

Kò bínú, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó lé ewúrẹ́, ó kó èèrí tí kò kan ilẹ̀ sínú àpò mìíràn, ó so ó rọ̀, ó tún ń wẹ̀ ẹ́, ohun tó mọ́ gaara tún ń kán. Ó fi ìka tọ́ ọtí funfun tèmi wò, ó fi àwo dé e, ó gbé e wọlé. Mo pe Fólúkẹ́ sẹ́yìn ilé.

"Ṣé màmá sọ̀rọ̀?"

"Rárá."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ó le nìyẹn."

Ní Sátidé, a kọ ebè títí ẹ̀yìn fi kán wa. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ màmá dé oko, ó tutù, ó dùn, ó ń ta ahọ́n díẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń jà sí ife. Bí mo ṣe na ọwọ́, màmá gbé kèrègbè kan síwájú mi, lójú gbogbo ẹbí.

"Tíṣà, èyí tó o fọwọ́ ara ẹ ṣe rèé."

Mo mu ún. Àfi bí ẹni jẹ gúrọ́bà àìpọ́n tòun ti èèpo rẹ̀! Ó ha mí lọ́fun, omi bọ́ lójú mi. Mo fẹ́ sọ pé ó dùn. Mo wo ojú obìnrin náà, n ò lè sọ ọ́.

"Ó korò, Mà," ni mo wí. "Ẹ sọ fún mi, mi ò gbọ́. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí eyín rẹ̀ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. "Mo fẹ́ gbọ́ bóyá wàá ní ó dùn ni. Ẹ bu èyí tó dáa fún ọkọ ọmọ mi, jàre."

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ti ń kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì tipẹ́, èmi ni kò yé. Títí di òní, bí màmá bá ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, èmi ló ń gbé igbá fún. Mo ń fi ọwọ́ kan bu omi lé àpò díẹ̀díẹ̀, mo sì ká ọwọ́ kejì sẹ́yìn, nítorí ọwọ́ náà ṣì ń yún mi láti fún un.