Òfin Tuntun Lórí Ohun Tí A Ò Lè Fojú Rí Lára Sólà Ìdí-Ọsàn

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Ọsàn, ẹ sọ ọmọ odó kalẹ̀, ẹ pa rédíò! Kábíyèsí Ọlọ́sàn ní kí akéde kí yín. Wọ́n kí yín dáadáa, ṣùgbọ́n inú wọn ò dùn.

Ó di ọjọ́ mẹ́rin tí ẹ̀rọ omi wa ti dákẹ́. Sólà ló ń fa omi náà, ẹ mọ ìyẹn. Èyí tí ẹ ò mọ̀ ni pé wọ́n fi ohun kan kun ojú sólà ọ̀hún tí wọ́n ń pè ní nánò. Ó wẹ́! Ó wẹ́ jù! Ẹ mú fọ́nrán irun kan, ẹ là á sọ́nà ẹgbẹ̀rún, ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀: bó ṣe tín-ín-rín tó nìyẹn. Òun ni kì í jẹ́ kí eruku lẹ̀ mọ́ sólà, òun ló ń jẹ́ kí oòrùn wọlé tààrà. Ẹnjiníà Tẹniọlá tó gbé e wá ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́, òjò ni yóò máa fọ̀ ọ́.

Ẹnìkan ti fọ̀ ọ́ o! Ó fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́! Ó fi yanrìn ha á! Nánò ti lọ, eruku ọyẹ́ ti gorí oyè.

Ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà lánàá. Olóyè mẹ́ta to awò ojú wọn lé ara wọn, wọ́n fi wo sólà títí oúnjẹ wọn fi tutù. Wọn ò rí nánò. Balógun ní òun rí i díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó fọwọ́ tọ́ka sí i, eṣinṣin ni. Nítorí náà, òfin dé!

Èkíní. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sín nítòsí sólà. Ẹni tó bá sín yóò kúnlẹ̀, yóò bẹ sólà.

Èkejì. Lékeléke kò gbọdọ̀ bà lé e. A fún gbogbo lékeléke ní ọjọ́ méje láti fi ìlú sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èdè wọn, kó bá wa sọ fún wọn.

Ẹ̀kẹta. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ pé òun rí nánò. Kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ pé òun ò rí i. Ẹni tí wọ́n bá bi léèrè, kó gbójú sókè, kó ní Kábíyèsí mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹrin. Ewúrẹ́ Ìyá Mosún, opó tó ń gbé lẹ́yìn ẹ̀rọ omi, wà ní ìdè láàfin. Wọ́n bá a lánàá níbi tó ti ń lá sólà. Ìgbìmọ̀ ti dájọ́ pé òun ló jẹ nánò. Bí ẹni tó ṣẹ̀ gan-an kò bá jẹ́wọ́ kí oòrùn òní tó wọ̀, wọn yóò pa ewúrẹ́ náà. Òun nìkan ni ìyá náà ní, ewúrẹ́ náà sì lóyún. Ìyá Mosún ti wà lẹ́nu ọ̀nà ààfin látàárọ̀.

Ẹ̀karùn-ún. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ yóò máa pọnmi odò fún gbogbo arúgbó ìlú títí sólà tuntun yóò fi dé. Oṣù mẹ́ta ni Ẹnjiníà wí. Akéde yóò lu agogo, yóò sì pe orúkọ onítọ̀hún lẹ́ẹ̀mẹta!

Ẹ má tíì lọ. Ẹ dúró díẹ̀.

Akéde fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹni náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé irin tí kò bá dán, ìtìjú ẹni tó ni ín ni. Bí ọjọ́ ọjà bá ku ọ̀la, yóò fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ irin tirẹ̀ títí yóò fi rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó gbọ́ pé àlejò ọba ń bọ̀ wá wo sólà. Ó wò ó, kò dán! Wọ́n ní kò gbọdọ̀ dán, pé ohun tó bá ń dán ń lé oòrùn padà ni. Ta ló lè gbọ́ irú ìyẹn kó gbà? Ó lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ẹ wà lóko. Ó fọ̀ ọ́, ó dán gbinrin! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín sí òjìji ara rẹ̀. Nígbà tí omi gbẹ lára sólà, ó ṣe bàìbàì.

Ẹ̀rù bà á, ó dákẹ́. Lánàá tí wọ́n ń wọ́ ewúrẹ́ kọjá lójúde rẹ̀, ẹ̀bà ló ń jẹ. Ó bo ẹ̀bà náà, ó wọlé lọ.

Láàárọ̀ yìí, Kábíyèsí ka òfin yìí fún akéde. Wọ́n wo agogo ọwọ́ rẹ̀ títí. Wọ́n ní agogo yìí mà ń dán o.

Oòrùn ti ń lọ sílé. Kí ẹnìkan sáré lọ tú ewúrẹ́ yẹn sílẹ̀.

Gó! Ọdẹ́tọ́lá ni! Gó! Ọdẹ́tọ́lá alágogo ni! Gó! Ọdẹ́tọ́lá ni, èmi tí mo dúró níwájú yín yìí.

Ìyá Mosún, ẹ gbé kèrègbè yín síta. Tiyín ni n ó kọ́kọ́ pọn.

Ẹnu akéde lẹ ti gbọ́ ọ o. Ọwọ́ akéde ló kúkú ṣe é.