Ẹjọ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì Tó Sún Èèkàn Ilé Ìwé

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gba ẹnu àwọn ìjòyè kí wọ́n tó gbọ́ ìdí rẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ilé ìwé tuntun ló pe ìyá oníbúrẹ́dì lẹ́jọ́ pé ó jí yàrá òun. Bẹ́ẹ̀ ilé ìwé ọ̀hún kò tíì ní ògiri kan. Èèkàn àti okùn lásán ni wọ́n fi sàmì sí ilẹ̀, níbi tí wọn yóò gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí.

Ìyá oníbúrẹ́dì dúró ti àga onítáyà tí ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó sí. Ìyẹ̀fun ṣì wà létí aṣọ rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ọmọ náà ti kọ̀ láti gbé e, ẹ̀yìn ni ìyá fi ń pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwé àtijọ́, tó sì ń pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn. Ọmọ wá dàgbà, ẹ̀yìn ìyá ní ó tó gẹ́ẹ́. Látìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ ààrò búrẹ́dì ni ọmọ ti ń ka ìwé rẹ̀. Obìnrin náà mọ̀ pé bí wọ́n bá dá òun lẹ́bi, èèkàn yóò padà síbi tó wà, ọmọ òun yóò sì padà sídìí ààrò.

Kábíyèsí ní, "Alága, kí ni wọ́n jí?"

"Ọ́fíìsì mi ni, Kábíyèsí. Èmi ni màá jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé náà. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ́fíìsì mi gba tábìlì, ó gba àga àlejò, ó tún ṣẹ́ ku ibi tí mo lè máa rìn lọ rìn bọ̀ tí mo bá ń ronú. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, àtiyíra padà di ìjàngbọ̀n."

"Ìyá oníbúrẹ́dì, ìwọ lo jí i?"

"Kí Kábíyèsí pẹ́. Mi ò jí nǹkan kan. Mo ní kí n ti ọmọ mi gba ibi tí wọ́n ní ilẹ̀kùn máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì kọjá, kí n mọ̀ bóyá ó máa gbà á. Ni táyà bá fara kan èèkàn. Èèkàn rí i pé ọmọ ń bọ̀, ó sì yà fún un."

"Èèkàn ló yà fúnra rẹ̀?"

"Èèkàn tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni, Kábíyèsí."

Àwọn ìjòyè ń fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Alága ní irọ́ ni, òun ní ẹlẹ́rìí. Ó pe bíríkìlà jáde.

"Ojú mi báyìí ló ṣe é, Kábíyèsí. Òun nìkan ló ń fa èèkàn tu."

"Níbo lo wà?"

"Mo wà lódìkejì."

"Kí lò ń ṣe lódìkejì?"

"Mo di okùn mú."

"O di okùn mú fún un?"

"Kí okùn má baà dọ̀tí ni."

Kábíyèsí tẹjú mọ́ ọn títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. Bíríkìlà ní, "Nígbà tí okùn kúkú ti wà lọ́wọ́ mi, mo fi gba àyè fèrèsé ńlá fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lára ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin mi tó dúró yìí, etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnu tíṣà àti ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn ti tán fún un."

Alága yára pe ẹlẹ́rìí kejì, tíṣà obìnrin kan tó máa bá a ṣiṣẹ́.

Tíṣà ní, "Bíríkìlà ò sọ òótọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, mi ò bá ẹnì kankan."

"Kí lo lọ ṣe?"

"Mo lọ wò ó ni, Kábíyèsí."

"Wọ́n ní òòlù wà lọ́wọ́ rẹ."

"Ojú nìkan kì í tó wo nǹkan." Ó kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, mo ní àwọn ọmọ tí ariwo máa ń dà lórí rú. Mo ń wá igun kékeré kan tí wọ́n ti lè fara balẹ̀. Mo wo gbogbo ilé náà yíká, ọ́fíìsì nìkan ni ibi tí ọmọ kankan kò ti ní í kàwé."

Inú ìyá oníbúrẹ́dì yọ́ sí i. Òun ti rò pé òun nìkan ni olè.

Kábíyèsí kọjú sí Alága. "Ta ni ẹ ń kọ́ ilé ìwé yìí fún?"

"Gbogbo ọmọ ni, Kábíyèsí. A ó tilẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri."

"Àtẹ̀gùn tó wà níwájú ilé nínú ètò yín ńkọ́?"

"Òun ló ń fún ilé níyì."

"Báwo ni ọmọ oníbúrẹ́dì yóò ṣe gùn ún?"

"Kò ní gùn ún rárá. A ti ronú nípa tirẹ̀. Yóò wà níta lẹ́bàá fèrèsé, gbogbo ohun tí tíṣà bá sọ ni yóò máa gbọ́."

"Ọmọ bíríkìlà ńkọ́?"

"Ìyẹn lẹ́sẹ̀, yóò jókòó sínú ilé."

"Èyí tí kò lè wọlé á máa gbọ́ láti ìta, èyí tí kò lè gbọ́ á wọlé jókòó?"

"Ó ti yé Kábíyèsí dáadáa."

Kábíyèsí bi ọmọ orí àga pé kí ló fẹ́. Ọmọ wo ìyá rẹ̀, ó ní, "Ibi tí àwọn yòókù ń gbà wọlé ni kí èmi náà máa gbà, sà." Ìyá rẹ̀ fi etí aṣọ oníyẹ̀fun nu ojú.

Kábíyèsí ní, "Èèkàn kò ní kúrò níbi tó wà. Alága, ẹnu ọ̀nà ni tábìlì rẹ yóò wà, kó lè jẹ́ pé ìwọ ni yóò kọ́kọ́ rí ọmọ tí kò bá rí ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, ìwọ yóò ṣàlàyé gbogbo ètò náà fún ọmọ bíríkìlà, láìla ẹnu. Èyí tí kò bá yé e, a ò kọ́ ọ. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ̀gùn."

Alága gbé ọwọ́ sókè, ó ń gun òfuurufú bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, ó sì ń na àyà láti fi iyì hàn. Ọmọ bíríkìlà wò ó dáadáa. Ó nawọ́ sí táyà àga ọmọ oníbúrẹ́dì, ó sì mi orí.

Alága tún un ṣe. Ọmọ tún mi orí.

Òógùn bo Alága. Nígbà tó ṣe, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó gbà.

Kábíyèsí ní, "Ó ku ìwọ, ìyá oníbúrẹ́dì. O sún ilé ìlú láìsọ fún ìlú. Ìyà rẹ ni pé o ti di ọmọ ìgbìmọ̀. Gbogbo ìpàdé ni wàá jókòó sí, títí wọn yóò fi ṣí ilé ìwé."

Alága sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ tún ti ń dán. "Ìpàdé wa di ọ̀la, ní agogo mẹ́jọ àárọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ìṣáájú díẹ̀."

Obìnrin náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣáájú Alága rí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ tó parí nírọ̀lẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin.

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ààfin yìí kò ní ẹ̀wọ̀n ni?"